Ìlà Ìṣó Níbi Ẹsẹ̀ Ibojì

Màmá ti sọ fún mi. Mi ò lè sọ pé wọn ò sọ, mi ò sì lè sọ pé mi ò gbọ́. Wọ́n dúró níwájú ibojì ọkọ wọn ní Iléṣà, wọ́n fi ọ̀pá wọn tọ́ka sí apá ibi ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Tó o bá ṣiṣẹ́ dé ibí, dúró. Pè mí. Má fọwọ́ kàn án láìjẹ́ pé mo wà níbẹ̀." Mo ní ó dáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọ pé ó dáa. Lọ́jọ́ kejì mo dé ibẹ̀, mi ò dúró, mi ò pè wọ́n, mo sì fi sáńpépà pa ohun kan ṣoṣo tí ọmọ wọn ọkùnrin fi sílẹ̀ fún wọn rẹ́.

Ohun náà ò ju ọ̀rọ̀ mẹ́ta lọ. Ìṣó ni ọmọ náà fi kọ ọ́ sára sìmẹ́ǹtì nígbà tí sìmẹ́ǹtì náà ṣì tutù, láàárọ̀ ọjọ́ tó kúrò nílé. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún rí ọmọ náà.

Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe jẹ́, láìgbè sẹ́yìn ara mi.

Iṣẹ́ ọ̀dà mọ́tò ni mò ń ṣe. Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo ni mo ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn fara ti mọ́ṣáláṣí. Kíláàsì kẹta sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀, nítorí náà ohun tí mo mọ̀ dájú láyé yìí, nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni mo ti mọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń wò wá lókèèrè rò pé ìbọn tí a fi ń fọ́n ọ̀dà ni iṣẹ́ wa. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Omi ni iṣẹ́ wa. Omi àti sáńpépà.

Sáńpépà káfíńtà yàtọ̀ sí tiwa. Tiwọn, bí omi bá kàn án, ó ti di ẹ̀kọ nìyẹn. Tiwa dúdú, omi kì í mú un. A ó rẹ ẹ́ sínú bákẹ́ẹ̀tì títí tó fi máa rọ̀, a ó fi wé ìgékù sílípáàsì kan tí a gé pẹlẹbẹ, kí ọwọ́ má baà tẹ̀ ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, a ó wá máa fi yí ara mọ́tò, ká máa fi ra á yípo, kí omi máa ṣàn tẹ̀ lé e. Nọ́ńbà wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá kéré ló ń gé jù. Ọgọ́rin dà bí ahọ́n olóńgbò. Ẹgbàá, tó o bá fi ra ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ, wà á fẹ́rẹ̀ẹ́ rò pé aṣọ ni. Láti orí èyí tó le lo ó ti máa bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí dé orí èyí tó rọ̀, lo ó wá fi kọ́ḿpáàǹdì, ìpara tó ń mú ọ̀dà dán, àti àkísà rírọ̀ nù ún títí tí wà á fi rí eyín ara rẹ nínú rẹ̀.

Nǹkan méjì ni ọ̀gá mi máa ń tẹnu mọ́. Àkọ́kọ́: "Pa ojú dé. Tómi bá ti wà lára mọ́tò, ojú ò rí nǹkan kan, irọ́ ló ń pa fún ọ. Àtẹ́lẹwọ́ ni kó o fi wò ó." Màá pa ojú dé, màá fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀, ibi tí kò bá tíì jọ̀lọ̀, bó kéré bí irun, ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. Èkejì: "Wàláhì, ohun tí pépà bá ti mú, inú omi ló lọ. Bó o bá mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á padà, sọ fún èmi náà." Gbogbo wa la máa ń rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Ti àkọ́kọ́ ni mo mọ̀ ọ́n ṣe jù nínú méjèèjì.

Àǹtí kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àbẹ̀rẹ̀ ló mú mi dé Iléṣà. Iná iwájú mọ́tò wọn ti pọ́n bí ìyeyè, kò ríran mọ́. Mo fi pépà olómi họ ọ́, mo ti orí irinwó bọ́ sórí ẹgbẹ̀rún, mo ti ibẹ̀ bọ́ sórí ẹgbàá, mo nù ún, ó mọ́ bí omi inú gíláàsì. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ kàn án.

Wọ́n ní, "Ṣé mọ́tò nìkan lo lè ṣe báyìí fún?"

Mo ní, "Àǹtí, ohun tó bá ṣáà ti le, tó sì tẹ́jú, ẹ gbé e wá."

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Èyí ò ṣe é gbé wá o. Ibojì bàbá mi ni."

Wọ́n ṣàlàyé. Iwájú ilé wọn ní Iléṣà ni wọ́n sin bàbá sí, tẹrásò ni wọ́n fi ṣe ojú ibojì náà, àmọ́ òjò àti ewé tó ń já lé e ti sọ ọ́ di àwọ̀ ewé. Ìrántí ọdún bàbá ń bọ̀, ẹbí á pé jọ, wọ́n fẹ́ kó dán. Màmá nìkan ló ń gbé ilé náà báyìí, ojú wọn sì ti ń lọ. Àìsàn ojú kan tó ń jẹ ìríran díẹ̀díẹ̀ ló mú wọn. Ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn nìkan ni wọ́n ṣì mọ̀ yàtọ̀.

Mo wọ mọ́tò tó gba Ìbòkun, mo gbé àpò mi lé itan. Mi ò tíì ṣiṣẹ́ lórí ibojì rí láyé mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò bà mí. Mo ti fọ́nnu lójú Àǹtí.

Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú abọ́, ọwọ́ wọn ń yára bí ẹni tó ríran.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Màmá. Ẹ kú ilé o. Àǹtí tó wà ní Àbẹ̀rẹ̀ ló ní kí n wá ṣiṣẹ́."

"Àà, ọmọ Òṣogbo. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ. Jókòó kó o jẹun ná. Ibojì náà ò ní sá lọ."

Lẹ́yìn tí mo jẹun tán ni wọ́n mú mi lọ síbẹ̀, tí wọ́n sì sọ ohun tí mo ti sọ fún yín. Wọn ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Èmi náà ò béèrè. Wọ́n ní kí n fún àwọn ní sáńpépà náà kí àwọn fọwọ́ bà á. Mo fún wọn ní ọgọ́rin. Wọ́n fi àtàǹpàkò ra á, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Ewé ìpín ni. Ewé ìpín la fi ń fọ igbá àti ṣíbí onígi nígbà tiwa, ó máa ń dán gbinrin. Ẹ̀yin lọ ń rà á ní ṣọ́ọ̀bù."

"Ìpín òyìnbó ni, Màmá."

"Ìpín máa ń jẹ èèyàn lọ́wọ́ o. Rọra."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ fọ ibojì náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ibi orí. Tẹrásò le ju ọ̀dà mọ́tò lọ, apá mi ro mí, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, àwọn òkúta wẹẹrẹ inú rẹ̀ ti ń yọjú, funfun, dúdú, àti àwọ̀ obì. Inú mi dùn. Màmá fún mi ní yàrá kan lẹ́yìn ilé pé kí n sùn síbẹ̀, mo sì sùn bí òkúta.

Nígbà tí mo jí láàárọ̀, mo yọjú lójú fèrèsé, mo rí Màmá níbi ibojì. Wọ́n ti ọ̀pá wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ síbi ẹsẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún wọn ń rìn lórí sìmẹ́ǹtì ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ètè wọn ń mì. Mo rò pé àdúrà ni. Mo fi wọ́n sílẹ̀, mo lọ wẹ̀. Mo rí i, ṣé ẹ gbọ́? Ojú mi méjèèjì ni mo fi rí ibi tí ọwọ́ wọn wà.

Nígbà tí oòrùn ti ga díẹ̀, Màmá múra. Wọ́n ń lọ sí ìpàdé àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ọmọbìnrin kan láti ṣọ́ọ̀ṣì sì ti wá mú wọn lọ́wọ́.

"Mi ò ní pẹ́ dé. O rántí ohun tí mo wí?"

"Mo rántí, Màmá."

Mo rántí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo ara ibojì ti tán, àfi ibi ẹsẹ̀. Òjò ń ṣú bọ̀ láti apá òkè, mo fẹ́ bá mọ́tò padà sí Òṣogbo kó tó rọ̀, Màmá ò sì tíì dé. Mo jókòó lórí bákẹ́ẹ̀tì tí mo dà délẹ̀, mo ń wo ibẹ̀. Tẹrásò ò dé ibi ẹsẹ̀ náà, sìmẹ́ǹtì lásán ni wọ́n fi rẹ́ etí rẹ̀, bíi fífẹ̀ àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ó rí págunpàgun, èéhù sì ti kún inú ìlà tó wà lára rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń dán yẹn, ó dà bí egbò.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ tó le jù níbẹ̀. Mo rí i pé ó jọ lẹ́tà. Mo rí B kan dáadáa. Mo kàn sọ lọ́kàn ara mi pé bíríkìlà ló ń ṣeré, tàbí àwọn ọmọdé àdúgbò, àti pé ohun tí Màmá ń bẹ̀rù ni pé kí n má ba etí ibojì jẹ́. Mo ní bí wọ́n bá dé tí wọ́n bá fọwọ́ kàn án tó ti dán, wọ́n á súre fún mi. Nínú iṣẹ́ tiwa, ìlà lára nǹkan, ọ̀tá ni. Wọn ò kọ́ wa pé ìlà kan lè wà tí ẹni tó ni ín fẹ́ràn rẹ̀.

Mo mú ọgọ́rin, mo da omi sí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi yí i. Sìmẹ́ǹtì ò le bíi tẹrásò. Ó ń jáde wọ́ọ́rọ́, funfun bí omi ògì. Nígbà tí ìlà tó jìn díẹ̀ ò tán, mo nù ún gbẹ, mo po pọ́tì tí a fi ń dí ojú ibi tí mọ́tò bá ti tẹ̀, mo fi tẹ́ ẹ. Pọ́tì yẹn kì í pẹ́ gbẹ, kó o tó jẹ àkàrà mẹ́ta tán, ó ti le. Mo tún fi omi sí i, mo ti orí pépà tó le bọ́ sórí èyí tó rọ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, mo pa ojú dé bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi, mo fi àtẹ́lẹwọ́ wọ́ ọ láti igun dé igun.

Kò sí ohunkóhun níbẹ̀. Ó jọ̀lọ̀ bí ikùn ẹja. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo gbé omi inú bákẹ́ẹ̀tì, mo dà á sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Ibi tí ọ̀rọ̀ ọmọ náà lọ nìyẹn.

Ìyá kan wà ní ojúlé kejì tó ń ta èédú. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ló ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kọjá wá, aṣọ rẹ̀ dúdú fún èédú, ó káwọ́ lérí.

"Háà! Ọmọ Òṣogbo, o ti sọ Bàbá di dígí! Ibí yìí ni màá ti máa di gèlè mi."

"Ẹ máa bọ̀, Ìyá, ọ̀fẹ́ ni."

Ó ń yí ibojì náà po, ó ń pòṣé ìyanu, títí tó fi dé ibi ẹsẹ̀. Ó dúró. Ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Ìwé yẹn dà?"

"Ìwé wo?"

"Ìwé tó wà níbí. Ìwé ọmọ yẹn. Níbo lo gbé e sí?"

Ìyá náà wo báyìí, ó wo ọ̀hún, bí ẹni pé mo lè ti ká a pamọ́ sí ibì kan. Ó wá jókòó sórí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sọ ọ́ fún mi. Àbíkẹ́yìn Màmá ni ọmọ náà, àbúrò Àǹtí. Ọjọ́ tí bíríkìlà ń rẹ́ ibi ẹsẹ̀ ibojì náà ló ti ilé jáde pẹ̀lú àpò lẹ́yìn. Ọ̀nà aṣálẹ̀ ló fẹ́ gbà lọ sí òkè òkun. Ó mú ìṣó kan nílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó kọ ọ́. Bíríkìlà lọgun pé ó ti ba iṣẹ́ òun jẹ́, ó gbé irin ìrẹ́lé láti pa á rẹ́. Màmá ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ọmọ náà pe ilé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti ìlú kan ní ìkọjá aṣálẹ̀, ó ní òun ti dé etí omi. Àtìgbà yẹn, nọ́ńbà náà ò lọ mọ́.

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kà á," ìyá náà wí. "Ọwọ́ ni wọ́n fi ń kà á. O ò rí wọn láàárọ̀ ni?"

Mo ní, "Mo rí wọn."

"Yéè."

"Kí ló kọ síbẹ̀?"

"BABA O DABO. Gbogbo àdúgbò yìí ló mọ̀ ọ́n." Ó wo ojú ọ̀nà, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́. Kọ ọ́ padà kí wọ́n tó dé. Ojú wọn ò ṣáà rí i." Ó dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀. "Èmi ò dé ibí lónìí o. Mi ò rí nǹkan kan."

Mo sáré mú fóònù mi. Mo máa ń ya àwòrán iṣẹ́ mi kí n tó bẹ̀rẹ̀, màá tún yà á tí mo bá parí, kí n lè gbé méjèèjì sórí sítétọ́ọ̀sì fóònù mi kí àwọn èèyàn rí i. Mo ti ya ibojì náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ṣí àwòrán náà, mo fà á kó tóbi. Bákẹ́ẹ̀tì mi wà níbi ẹsẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo gbé e síbẹ̀, ó sì bo gbogbo ọ̀rọ̀ náà, àfi O tó kẹ́yìn, tó yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí bákẹ́ẹ̀tì bí ojú ẹni tó ń yọ́ni wò. O kan ṣoṣo. Kí ni mo fẹ́ fi O kan ṣe?

Mo wá ìṣó. Mo kúnlẹ̀, mo kọ ọ́ sára pọ́tì náà. Mo gbé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan sílẹ̀ kó má baà wọ́. A máa ń kọ nọ́ńbà sára mọ́tò akérò, mo mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. Mo kọ ọ́, ó tò gbọọrọ. Mo fi omi àti pépà tó rọ̀ jù họ etí rẹ̀ díẹ̀ kó lè dà bí ohun tó ti pẹ́. Mo tún bu iyẹ̀pẹ̀ sí i. Òjò ti lọ síbòmíì, kò tiẹ̀ rọ̀ mọ́.

Màmá dé. Ọmọbìnrin tó mú wọn wá fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó padà.

"O ti ṣe é tán?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mi ò gbọ́ kó o pè mí."

Wọ́n wá síbi orí ibojì, wọ́n gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, wọ́n ń wọ́ ọ bọ̀. "Ó dán," wọ́n wí. "Ó tutù. Bàbá yín ì bá fẹ́ràn èyí." Wọ́n ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n dé ibi ẹsẹ̀, wọ́n ti ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ìka wọn bọ́ sínú ìlà àkọ́kọ́.

Wọ́n dúró.

Wọ́n padà sẹ́yìn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ látorí B. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mò ń gbọ́ èémí wọn.

"Ta ló kọ èyí?"

Mo ní, "Màmá..."

"B ọmọ mi kì í padé nísàlẹ̀. Tíṣà nà án nítorí ẹ̀, nà án, kò padé. Ìgbà tí ojú mi ṣì ń ṣiṣẹ́, mo máa ń jókòó tì í pé pa á dé, pa á dé. Kò pa á dé." Ìka wọn ṣì wà lórí rẹ̀. "Èyí ti padé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló padé."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú omi tó wà nílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀: pépà, pọ́tì, ìṣó, iyẹ̀pẹ̀. Mi ò dárúkọ ìyá eléèédú. Mo ń retí kí wọ́n pariwo. Bí wọ́n bá pariwo, bí wọ́n bá fi ọ̀pá gbá mi, ara ì bá tù mí díẹ̀. Wọn ò pariwo. Wọ́n ń fi ọwọ́ pa ọ̀rọ̀ tí mo kọ náà bí ẹni tó ń pa orí ọmọ ọlọ́mọ.

"O kọ ọ́ dáadáa," wọ́n wí. "Ó tò ju tirẹ̀ lọ."

Mi ò tíì gbọ́ èébú tó dùn mí tó ìyẹn rí.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbìyànjú. Mo fi abẹ́rẹ́ gbẹ́ pọ́tì náà jáde, díẹ̀díẹ̀, mo ń fẹ́ ẹ, mo ń gbẹ́ ẹ, Màmá jókòó lórí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ́n ń gbọ́. Mo rò pé bóyá ìsàlẹ̀ ìlà kan á kù. Eérú sìmẹ́ǹtì nìkan ni mo rí. Ọgọ́rin ti gbé gbogbo rẹ̀ lọ kí pọ́tì tó dé orí rẹ̀. Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù, mo bi wọ́n bóyá ọgbọ́n kan wà. Wọn ò tún àwàdà wọn ṣe. Wọ́n kàn ní, "Níbo lo da omi náà sí?" Mo ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní, "Inna lillahi."

Mo pe Àǹtí náà. Mo ń gbọ́ ariwo ọ́fíìsì lẹ́yìn wọn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Èmi ni mo rán ọ lọ. Èmi ni mo ní kó dán." Wọ́n pa fóònù. Mi ò gbowó iṣẹ́ náà, ìyẹn ò sì tó nǹkan kan láti máa sọ.

Kí n tó lọ, Màmá ní kí n dí ojú ibi tí mo gbẹ́ yẹn, kí n sì dán an padà.

"Pa tìrẹ náà rẹ́. Mi ò fẹ́ fi ọwọ́ kan ìwé ẹlòmíì láàárọ̀."

Mo ṣe é. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n wà níbẹ̀, wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí wọ́n ṣe fẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ń bu omi sí i fún mi. Nígbà tí mo parí, wọ́n fọwọ́ wọ́ ọ láti igun dé igun, wọ́n ní, "Ó dáa. Àyè wà níbẹ̀ fún un."

Wọ́n wá sọ ohun tí mo jẹ wọ́n. Wọn ò gbé ohùn sókè.

"Ọjọ́ tí ọmọ mi bá dé, èmi ò ní bá ọ sọ ọ́. N ò ní purọ́ pé òjò ló fọ̀ ọ́. Ìwọ ni wà á wá. Wà á dúró níbí, wà á fi ẹnu ara rẹ sọ fún un pé ìwọ lo pa á rẹ́, lẹ́yìn tí mo ti kìlọ̀ fún ọ. Wà á fún un ní ìṣó, kó tún un kọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

"O ti sọ bẹ́ẹ̀ rí."

Mo mú ìṣó náà nílẹ̀, mo fi sínú agolo pépà mi.

Mo ti padà dé Iléṣà lẹ́ẹ̀mẹ́rin látìgbà náà. Màá fọ ibojì, màá nù ún, wọ́n á fún mi lóunjẹ. Láàárọ̀, wọ́n ṣì ń lọ síbi ẹsẹ̀. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ lé ibi tó jọ̀lọ̀ náà, ọwọ́ wọn ò sì rìn mọ́. Ibì kan ló máa ń wà. Mo máa ń wò wọ́n lójú fèrèsé, mi ò sì lè jáde.

Nígbà míì, wọ́n máa ń pè mí lórí fóònù bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọn kì í kí mi púpọ̀. "Ọmọ Òṣogbo, kò tíì dé o." Màá ní, "Mo wà níbí, Màmá. Bó bá ti dé, ẹ pè mí." Wọ́n á ní ó dáa. Màá padà sídìí mọ́tò tí mò ń yí, omi á máa ṣàn láàárín ìka mi, màá pa ojú dé, kì í ṣe pé mo fẹ́ wo bóyá ó dán. Mò ń to ọ̀rọ̀ tí màá sọ ni. Ìṣó náà wà nínú agolo pépà mi, mo fi ọ̀rá wé e kó má baà dípẹtà. Mi ò mọ ojú ọkùnrin náà. Mi ò mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Èmi tí mi ò bá a tan rárá, mo ń gbàdúrà lójúmọ́ kó padà wálé kó wá bínú sí mi, nítorí òun ni mo jẹ ní ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò sì lè san án fún ẹlòmíì.